Ọkọ̀ Tó Ń Mumi

Igbe tí Bàbá Sísí ké láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí òkú bá wà nítòsí, òkú náà á dìde jókòó, á ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ìyá Sísí wà nídìí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó ń ran ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan lọ́wọ́, ni abẹ́rẹ́ bá fò kúrò lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì, ó balẹ̀ sórí èékánná rẹ̀. Kò tiẹ̀ ráyè sọ pé ó dun òun. Ó mọ igbe yẹn. Bí olè bá wọlé, ọkọ rẹ̀ kì í ké báyẹn. Bí ọmọ bá ṣubú, kì í ké báyẹn. Ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń ké báyẹn fún.

"Ta ló da omi sínú ọkọ̀ mi? Ta ló fọwọ́ kàn án? Mo ní ta ló fọwọ́ kàn án!"

Ìbéèrè yìí náà ni àdúgbò fi sọ ọ́ lórúkọ. Lójú rẹ̀, Bàbá Sísí ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti yíjú sẹ́yìn, ó di Ta-Ló-Fọwọ́-Kàn-Án. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó búrẹ́dì láti ilé búrẹ́dì lọ fún àwọn onísọ́ọ̀bù, ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ìgbín ló sì fi ń kó o. Ìgbín yìí ti gbó débi pé, ká ní ènìyàn ni, ìdọ̀bálẹ̀ ló yẹ kí àwọn ọkọ̀ yòókù máa fi kí i. Ṣùgbọ́n epo tó ń mu kò ju èyí tí ẹyẹ lè fẹnu gbé lọ, ìdí nìyẹn tí ọkùnrin náà fi fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àna rẹ̀ lọ. Bí òjò bá ṣú ní ìlú tí ẹnikẹ́ni ò dé rí, á ti fa tapólì bo Ìgbín. Bí ìrì bá sẹ̀, á fi aṣọ nù ún bí ẹni ń nu imú ọmọ. Gbogbo ìgbà ló ń sùn sábẹ́ rẹ̀, tí á máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ́ìlì dúdú sí i lábẹ́ kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́. Bó bá fi máa jáde, eyín rẹ̀ nìkan ló ń funfun. Ajá ilé ti fi èyí gbó o rí, ó ṣe bí àlejò ni.

Ìyá Sísí bá a níbi tó ti kúnlẹ̀, orí rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ìdí rẹ̀ wà níta.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Kí ló tún dé?"

"Wá wò ó! Wá fojú ara rẹ wò ó!"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Lábẹ́ rọ́ọ̀gì ẹ̀yìn, níbi tí Sísí ń fẹsẹ̀ lé, omi ló dúró síbẹ̀, ó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ọ̀pọ̀lọ́ lè ṣègbéyàwó nínú omi náà, kí ìyàwó wẹ̀, kí ọkọ wẹ̀, kí ó tún ṣẹ́kù fún àwọn àlejò. Èépá irin ń léfòó lórí rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja.

"Lónìí!" Bàbá Sísí fọwọ́ lérí. "Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, lónìí!"

Ìyá Sísí mọ ohun tó ń sọ. Oníbàárà kan ló gé búrẹ́dì jẹ nílé, tí eyín rẹ̀ kán lórí èépá irin tó ti dípẹtà, tó sì gbé búrẹ́dì àti eyín lọ bá wọn nílé búrẹ́dì. Látìgbà náà ni máníjà ti ní òun á yẹ gbogbo ọkọ̀ tó ń kó búrẹ́dì wò, ọ̀sán òní ló sì dá. Ọkọ̀ tí òun bá bá omi tàbí ihò nínú rẹ̀, kò ní kó búrẹ́dì mọ́. Búrẹ́dì yẹn ló ń san owó ilé, òun ló ń rán Sísí lọ sílé ìwé. Ìránṣọ Ìyá Sísí, iyọ̀ lásán ló ń rà sọ́bẹ̀.

Wọ́n jókòó jẹun, àbí ká ní wọ́n jókòó ti oúnjẹ. Búrẹ́dì àná ni. Búrẹ́dì tí kò tà ni wọ́n ń jẹ nílé yẹn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, débi pé bí wọ́n bá ń gbàdúrà nílé ìwé pé kí Ọlọ́run fún wọn ní oúnjẹ òòjọ́ wọn lónìí, Sísí a máa fi kún un lábẹ́lẹ̀ pé, "kó má jẹ́ búrẹ́dì o."

"Bàbá mi," ni ọmọ náà wí, "ó ti pẹ́ tó ti ń dún. Bí ẹ bá ti yí kọ́nà, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi á máa ṣe gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀, bí ikùn ẹni tó mumi yó."

"Ta ló bi ọ́ ní nǹkan? Jẹ búrẹ́dì ẹ."

Ìyá Sísí gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ó tún rí i pé ọkọ òun ò jẹ́ kó parí. Ó fi ìyẹn pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ikùn.

Kí tíì tó tutù, Bàbá Sísí ti dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Alágbàfọ̀. Aládùúgbò wọn ni, ògiri kan ló pààlà wọn. Ìyá àgbà náà ń fọ aṣọ lọ́wọ́, apá rẹ̀ méjèèjì wà nínú ìfófòó ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, omi tí ẹ dà nù lánàá, ibo lẹ dà á sí?"

"Ibo ni wọ́n ń da omi sí? Ojú gọ́tà."

"Kò ṣèèṣì gba inú ọkọ̀ mi kọjá?"

Ìyá Alágbàfọ̀ yọ apá kan. Ó yọ ìkejì. Ó nu ọwọ́ méjèèjì sára, wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ tuntun. Àwọn aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n ti ń fa àga jáde.

"Ṣé ìwọ Ta-Ló-Fọwọ́-Kàn-Án ló ń bá mi sọ̀rọ̀ àbí ìyàwó ẹ ló rán ọ? Lóṣù tó kọjá, ẹ ní mo jí ìda. Lónìí mo dami sínú ọkọ̀. Lọ́la ẹ máa ní èmi ni mo bí òjò! Èmi ni kí n ra ọṣẹ lọ́wọ̀n-ọ́n gógó kí n wá fi fọ mọ́tò ẹ lọ́fẹ̀ẹ́? Ó wù ọ́!"

Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan láti ojú fèrèsé ní, "Màmá, ẹ rọra o, ó lè mú yín lọ bá DPO ọlọ́pàá!" Òmíràn ní, "Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n tiyín ti ju oògùn lọ, Bàbá Sísí, ó ti di àìsàn."

Ojú ti Ìyá Sísí, tó ti tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ dé ibẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìda yẹn. Òun ló ni ẹ̀sùn ìyẹn. Odidi ìda kan tó fi ń pa òwú kó má baà lọ́ mọ́ra, ṣàdédé ló wá a tì nínú àpótí maṣíìnì, àbẹ́là tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà sì bá a lọ. Ta ló tún ń lo ìda nínú ilé yẹn bí kò ṣe ẹni tó ń fi í pa ìdí áyọ́ọ̀nù kó lè máa yọ̀ lórí aṣọ? Kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ó kàn béèrè lọ́wọ́ Màmá pé ṣé wọn ò ṣèèṣì rí i, pẹ̀lú irú ojú tí wọ́n fi ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí ara wọn.

"Gbọ́ o," Ìyá Alágbàfọ̀ na ìka sí Bàbá Sísí, "kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Lọ wo ìdí ẹ̀fọ́ ẹ." Ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú ìfófòó padà, ẹjọ́ ti tán lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bàbá Sísí gbọn ọ́ìlì dúdú kúrò lọ́wọ́. "Mo mọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀gá Òòlù ni! Ìyá Sísí, wọṣọ ẹ, kí o bá mi lọ ṣe ẹlẹ́rìí."

Ọ̀gá Òòlù ni oníṣẹ́ bọ́dì ọkọ̀ tó fọ ìpẹtà ara Ìgbín kí òjò ọdún yìí tó dé. Wọ́n kọ́kọ́ já Sísí sílé ìwé. Ọmọ náà ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè bí adìyẹ tó wà lórí ọ̀pá, nítorí omi. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, Ìyá Sísí dẹtí. Gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀. Inú ilẹ̀kùn ni, òótọ́ ọmọ ni. Ó wojú ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ọkùnrin tí kì í kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá.

"Bàbá Sísí, ilẹ̀kùn yìí ń dún."

"Ọkọ̀ wo ni kì í dún?"

"Omi ló ń dún nínú ẹ̀."

Ó túbọ̀ gbé orin náà sókè.

Òòlù ti dí etí Ọ̀gá Òòlù láti ọjọ́ tó ti pẹ́, nítorí náà, bó bá ń kí ènìyàn níwájú rẹ̀, bí ẹni ń pe ọlọ́kọ̀ ojú omi láti òdì kejì odò ni. "Ẹ̀YIN ARÁ ILÉ BÚRẸ́DÌ! Ẹ KÁÀBỌ̀ O!"

"Má kí mi," ni Bàbá Sísí wí. "Ìwọ lo lu ihò sí ìdí ilẹ̀kùn mi kí ìpẹtà lè wọlé, kí n lè máa padà wá bá ọ. Mo rí wọn! Ihò wẹ́wẹ́, ẹnu wọn ń dán, tuntun ni wọ́n!"

"IHÒ TÍ OMI Ń GBÀ JÁDE? Mo kàn fọ̀ wọ́n mọ́ ni. Kò sí ọkọ̀ tí wọn ò ṣe é mọ́. Òjò ń gba etí gíláàsì wọnú ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló sì ń gbà bọ́ sílẹ̀. Ṣé mi ò ní kí ẹ má jẹ́ kí ẹrẹ̀ dí i?" Ó dùbúlẹ̀, ó wo abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Dà wọ́n?"

Ikọ́ gbé Bàbá Sísí.

Ọ̀gá Òòlù ha ọ́ìlì dúdú kúrò. Ó fi ṣóńṣó irin wá ibì kan, ó tì í, ó fà á. Nǹkan kan jáde wá bí èdídí ìgò, lẹ́yìn náà ni omi bú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: omi náà tú jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí ẹnu ìsédò. Adìyẹ tó ń jẹ̀ nítòsí sá gun orí táyà. Ọkùnrin kan tó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ mìíràn, tó ń dúró kí wọ́n tún tirẹ̀ ṣe, jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀ tó ti ń lọ. Ọ̀gá Òòlù fa ìkejì yọ, ó fa ìkẹta, gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà sì ń tọ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Ìyá Sísí ṣa ọ̀kan nínú èdídí náà nílẹ̀. Ó nù ún. Ojú ibi tí òwú ti ń gbà kọjá lára rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tóóró, tóóró.

"Bàbá Sísí."

"Hẹn."

"Ìda mi rèé."

Ọkọ rẹ̀ wòkè bí ẹni pé ẹnì kan pè é láti ojú ọ̀run.

"Kí ni kí n rò?" ló wí nígbẹ̀yìn. "Ṣé ẹ̀yin ti rí ìkòkò tí wọ́n lu nídìí rí? Kí ni kí n rò nígbà tí Ọ̀dà-Bo-Àṣírí ti ṣe mí báyẹn?"

Kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ ló pa. Ọ̀dà-Bo-Àṣírí ni oníṣẹ́ bọ́dì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Ìgbín lọ bá. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, wọ́n sì yìn ín títí tí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀, tí odidi ojú ìwé eré ìdárayá fi já bọ́ láti abẹ́ ọkọ̀ sójú títì. Ìwé ìròyìn àti pọ́tì, amọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ bọ́dì ń pa mọ́ ara ọkọ̀, ló fi dí ihò. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

"Ẹ ò bá ti bi mí," ni Ọ̀gá Òòlù wí.

"Ṣé mo fẹ́ gbà ọ́ gbọ́ ni?"

Ọ̀gá Òòlù ká rọ́ọ̀gì ẹ̀yìn kúrò, ó fi àtàńpàkò tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí omi ti dúró. Ìka wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé ọrùn-ọwọ́, Ìyá Sísí sì rí ìka náà tó ń jó ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń fẹsẹ̀ lé láràárọ̀.

"Mo máa gé e, mo máa jó irin tuntun mọ́ ọn. Kò lè parí lónìí. Ẹ má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn o. Irin tí àga yẹn dúró lé náà ti ń lọ."

Lójú ọ̀nà, Ìyá Sísí ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ máníjà. Ká sọ òótọ́ fún un, kó fún wa láyè díẹ̀."

"Òótọ́!" Bàbá Sísí rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ mi, bí igún ni wọ́n ṣe tò sí ẹnu géètì. Bí mo bá sọ òótọ́ tán, wọ́n á ti pín in kí n tó pa ẹnu dé."

Wọ́n kọjá ọ̀nà ilé. Ìyá Sísí mọ ibi tí wọ́n ń lọ, kò sì béèrè, kí ó má baà jẹ́ pé òun ló béèrè.

Iwájú ilé búrẹ́dì gan-an ni ṣọ́ọ̀bù Ọ̀dà-Bo-Àṣírí wà. Lọ́jọ́ náà, bí ẹni ń pín ìjọba ọ̀run níbẹ̀ ni. Gbogbo ọkọ̀ tó ń kó búrẹ́dì ló tò síbẹ̀, àwọn tó ni wọ́n sì ń wojú ilẹ̀ bí ọkọ tí wọ́n bá nílé àlè.

"Oníbàárà mi àtàtà!" Ọ̀dà-Bo-Àṣírí dì mọ́ Bàbá Sísí. "Mo mọ̀ pé ẹ máa padà wá. Inú yín ò dùn sí mi nígbà yẹn, mo gbọ́. Ẹ má bínú, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo lò. Tòní ni mo máa lò fún yín, ìròyìn gbígbóná!"

Bàbá Sísí, tó ti búra pé bí òun bá tún rí ọkùnrin yìí, òun á fi eyín fà á ya, rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà burú láti wò.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà-Bo-Àṣírí ń ká ìwé, ó ń kì í bọ ihò, ó ń po pọ́tì. "Ìyá, ẹ bá mi di etí pépà yìí mú, kó má baà fò." Ìyá Sísí wo pépà náà. Ó ronú kan owó ilé. Ó ronú kan owó ilé ìwé. Ó na ọwọ́, ó dì í mú. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Wọ́n pa pọ́tì lé e, wọ́n fi sáńpépà ha á, wọ́n fín ọ̀dà sí i, wọ́n tẹ́ rọ́ọ̀gì gbígbẹ lé gbogbo rẹ̀. Nígbà tó tán, Ìgbín ń dán bí ẹni tó ń lọ fẹ́ ìyàwó kejì.

Máníjà jáde lọ́sàn-án, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, bàtà rẹ̀ mọ́ débi pé ojú ń ti ilẹ̀ láti fara kàn án. Ó ká rọ́ọ̀gì Ìgbín, ó fi eegun ìka kan ilẹ̀ ọkọ̀. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Nígbà tó dé ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì: bù.

Ó dúró. Ó tún kàn án. Bù.

Bàbá Sísí kò mí. Ìyá Sísí rí i pé òun ń gbàdúrà, ó sì yà á lẹ́nu, nítorí ohun tó ń tọrọ ni kí máníjà ní rárá.

Máníjà wo ìka rẹ̀. Ọ̀dà tútù wà níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo àwọn ọkọ̀ tó kù, bí gbogbo wọn ṣe ń dán tí gbogbo wọn sì ń rùn fún ọ̀dà kan náà. Ó wo ṣọ́ọ̀bù òdì kejì. Ó wo búrẹ́dì tó ti gbóná kalẹ̀ nínú páálí, tó gbọ́dọ̀ jáde kó tó tutù. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó nu ìka náà wẹ́rẹ́.

"Ọkọ̀ yín dára," ló wí. "Ẹ lọ kó búrẹ́dì."

Wọ́n di páálí kún iwájú, wọ́n dì í kún búùtù. Bàbá Sísí ń ṣàwàdà pẹ̀lú gbogbo ènìyàn. Ó pe ẹni tó ń kó páálí ní ẹ̀gbọ́n, ó pe olùṣọ́ géètì ní ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tó ti ṣe báyẹn kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilé ìwé, ẹ̀yìn nìkan ló ṣẹ́kù fún ènìyàn, ìyá lápá ọ̀tún, àyè ọmọ lápá òsì.

Sísí sáré jáde pẹ̀lú báàgì rẹ̀. "Háà! Ìgbín ti wọ aṣọ tuntun!" Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti dé ibẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó balẹ̀. Ó mú ẹsẹ̀ náà dání, pẹ̀lú bàtà, pẹ̀lú ẹrẹ̀. Ó rọra tì í padà síta, òun náà sì bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Kí ló dé?" ni Bàbá Sísí bi í.

"A máa fẹsẹ̀ rìn."

"Fẹsẹ̀ rìn? Pẹ̀lú oòrùn yìí? Ẹ wọlé jàre, búrẹ́dì ń tutù." Ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Sísí, kí lò ń ṣe báyìí? Ṣé máníjà ò yẹ̀ ẹ́ wò ni? Ṣé kò ní ó dára ni?"

Ìyá Sísí gba báàgì lọ́wọ́ ọmọ, ó fi kọ́ èjìká ara rẹ̀.

"Máníjà kọ́ ló bí i."

Ó di ọwọ́ ọmọ mú, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà. Ìgbín ń rọra tẹ̀ lé wọn létí títì, gíláàsì rẹ̀ wà nílẹ̀, òórùn búrẹ́dì gbígbóná ń jáde, ọkùnrin inú rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀bẹ̀, ó bínú, ó tún bẹ̀bẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fun fèrè. Sísí bojú wẹ̀yìn.

"Màmá mi, Bàbá mi ń pè yín o."

"Mo gbọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Máa wo iwájú ẹ."